Ẹ Fi Ọmọ Oníjó Yẹn Sílẹ̀, Ẹ Mú Hẹ́rọ́dù!

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ tún dá lónìí. Ẹjọ́ àtijọ́ ni, ó ti lé ní 1,900 ọdún, ṣùgbọ́n mo gbà pé wọ́n dá a sódì. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi kò ní agbẹjọ́rò. Òun fúnra rẹ̀ kò la ẹnu ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn baba wa sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Mo ti rí àgbà òṣìkà nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò mọ ní ẹyọ kan: oníwàásù wà nínú wọn, òǹkọ̀wé wà nínú wọn, ayàwòrán náà wà nínú wọn. Ayàwòrán yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà jù, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára. Irọ́ tí kò bá dùn, ta ni yóò tàn jẹ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa, ọmọ ọdún 13 ni nígbà náà. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà mọ ijó jó. Bí ìlù bá ti ń dún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ilẹ̀. Ní ọjọ́ ìkórè, ìyá rẹ̀ wọ aṣọ tuntun fún un, ó wé gèlè fún un, ó ní kó jáde síwájú lọ jó fún Ọlọ́run kí gbogbo ìjọ lè rí i pé àwọn náà wà níbẹ̀. Ọmọ jáde, ó jó. Àwọn àgbà ọkùnrin dìde, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Ariwo sọ, gbogbo ilé ń mì tìtì.

Ó kù díẹ̀ kí ìsìn parí ni oníwàásù gun orí àga ìwàásù, ojú rẹ̀ le koko. Ó ní Sàlómè ti wọ ilé Ọlọ́run. Ó ní irú ijó báyìí ló gé orí Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Kò dárúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tó ń bá wí? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Sàlómè. Orúkọ náà tẹ̀lé e dé ilé ìwé. Àwọn tó lẹ owó mọ́ ọn lórí kò gba orúkọ kankan. Ìyá tó rán an jáde kò sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ yẹn kò jó mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń gba afẹ́fẹ́. Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó ní, "Dádì Kúnlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ máa ń kàwé. Kí ni Sàlómè ṣe gan-an?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tì mí. N ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa Sàlómè kò ju ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu oníwàásù láti kékeré lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wádìí. Ìwádìí náà ni mo gbé wá síwájú yín yìí.

Ibi tí mo kọ́kọ́ yà sí ni ìwé àwòrán kan tó ti wà lọ́wọ́ mi tipẹ́, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Dùgbẹ̀. Àwòrán Sàlómè kan wà níbẹ̀ tó gba odidi ojú ìwé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gustave Moreau, ló yà á. Párísì ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1826, ibẹ̀ náà ló kú sí ní ọdún 1898. Àwòrán yìí kì í ṣe èyí tí a fi ọ̀dà elépo kùn sára aṣọ. Orí bébà ló yà á sí, ọ̀dà olómi ló lò. Gíga rẹ̀ tó 106 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ tó 72. Orúkọ tó fún un ni L'Apparition. Bí a bá fẹ́ pè é ní Yorùbá, a ó pè é ní Ìfarahàn.

Ẹ bá mi wò ó. Ààfin ńlá ni, òpó rẹ̀ ga, ọnà kún ara ògiri bí ẹni pé wúrà ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Lápá òsì, Hẹ́rọ́dù ọba jókòó sórí ìtẹ́. Hẹrọ́díà ìyàwó rẹ̀ wà lápá ibẹ̀ náà, olórin kan sì wà nítòsí pẹ̀lú ohun èlò olókùn. Lápá ọ̀tún, tẹ̀tú dúró pẹ̀lú idà, ó dúró gbọn-in bí òpó. Láàárín wọn ni ọmọbìnrin náà wà. Ìhòòhò ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, ìlẹ̀kẹ̀ àti wúrà ló bo ara rẹ̀ ju aṣọ lọ. Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń tọ́ka. Kí ló ń tọ́ka sí? Orí Jòhánù ni! Orí tí wọ́n ti gé kúrò lọ́rùn, ó dúró nínú afẹ́fẹ́ láìsí ohun tó gbé e ró. Ìmọ́lẹ̀ yí i ká bí ìtànṣán oòrùn, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ọrùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó tẹjú mọ́ ọmọ náà. Ẹ sì wo àwọn tó kù. Ọba kò ṣe bí ẹni tó rí nǹkan. Ìyá kò ṣe bí ẹni tó rí nǹkan. Tẹ̀tú kò mira. Ọmọ náà nìkan ni orí yẹn wá bá.

Mo gbà, àwòrán náà lágbára. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, orí mi wú. Kì í ṣe èmi nìkan. Ní ọdún 1876, Moreau gbé e lọ sí àfihàn ńlá ọdọọdún ti Párísì tí wọ́n ń pè ní Salon. Ó gbé òmíràn tẹ̀lé e, èyí tó fi ọ̀dà elépo yà, níbi tí Sàlómè ti ń jó níwájú Hẹ́rọ́dù. Èrò ya lọ wo àfihàn náà, wọ́n ní wọ́n lé ní 500,000. Lónìí, bébà náà jẹ́ ti Musée d'Orsay, inú Louvre ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ orí bébà yòókù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ a máa ba ọ̀dà orí bébà jẹ́. Ilé tí Moreau gbé di ilé àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1903, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán Sàlómè mìíràn ló sì wà níbẹ̀. Henri Matisse àti Georges Rouault, tí wọ́n di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, wà lára àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Ẹ rí i pé ẹni ńlá ni mò ń bá jà.

Ìbéèrè mi fún ẹni ńlá náà kò ju ọ̀kan lọ. Nínú Bíbélì, ibo ni ọmọ yẹn ti rí orí nínú afẹ́fẹ́?

Mo ṣí Máàkù orí 6. Mo ṣí Mátíù orí 14. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ohun tó yà mí lẹ́nu. N ó fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo rí, kí ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nílé.

Èkíní, kí ìlù tó dún, Jòhánù ti wà lẹ́wọ̀n. Hẹ́rọ́dù ló ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n dè é. Ẹ̀ṣẹ̀ Jòhánù ni pé ó wí fún ọba pé kò tọ́ kó gba ìyàwó arákùnrin rẹ̀. Hẹrọ́díà ti di í sínú, ó ń wá ọ̀nà tí yóò fi pa á. Mátíù tilẹ̀ sọ pé ọba fúnra rẹ̀ fẹ́ pa á, ìbẹ̀rù ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò jẹ́. Ẹ wò ó báyìí: ẹ̀wọ̀n ti wà, ìbínú ti wà, èrò àtipànìyàn ti wà. Kò tíì sí ijó.

Èkejì, ọjọ́ ìbí ọba pé. Ó pe àwọn ìjòyè, ó pe àwọn olórí ogun, ó pe àwọn ọlọ́lá Gálílì. Ọmọ wọlé, ó jó, inú ọba dùn. Ó ní kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Ó tún búra, títí dé ìdajì ìjọba rẹ̀! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ta ló ju ẹyin sílẹ̀ níbí? Ọmọ tó jó ni àbí àgbà tó ń ṣe fáàrí níwájú àlejò?

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ọmọ tí wọ́n ní kó mú ohunkóhun, títí dé ìdajì ìlú, kò mọ ohun tó fẹ́. Ó jáde lọ bi ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí obìnrin tó fẹ́ fi ara tan ọkùnrin jẹ ti máa ń ṣe nìyẹn? Ọmọ tó bá jàjà rí owó lọ́wọ́ àlejò tó sáré lọ bá mọ́mì rẹ̀ pé, "Mọ́mì, kí ni kí n fi rà?", irú ọmọ yẹn la mọ̀ ọ́n sí. Ìyá rẹ̀ ló dárúkọ orí Jòhánù.

Ẹ̀kẹrin, ọba gbọ́, ó bà á nínú jẹ́, ṣùgbọ́n nítorí ìbúra rẹ̀ àti àwọn tó bá a jókòó, ó ránṣẹ́. Ẹ tún gbọ́ o: nítorí ojú àlejò! Tẹ̀tú lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó bẹ́ orí náà, ó gbé e wá nínú àwopọ̀kọ́. Wọ́n gbé e fún ọmọ. Ọmọ gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó parí. Ọmọ náà kò bá orí sọ̀rọ̀, kò fi ẹnu kò ó lẹ́nu, kò rí ìran kankan. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Orúkọ rẹ̀ gan-an kò sí nínú ìtàn náà. Josephus, òpìtàn àwọn Júù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 93 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ló jẹ́ kí a mọ̀ pé Hẹrọ́díà bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sàlómè. Èdè Gíríìkì tí Máàkù fi kọ̀wé sì lo ọ̀rọ̀ kan fún ọmọ oníjó náà: korasion. Ẹ ṣí orí tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn orí 5, níbi tí Jésù ti jí ọmọ Jáírù dìde. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Máàkù lò fún ọmọ yẹn, ó sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀: ọdún 12. N ò sọ pé ọmọ Hẹrọ́díà jẹ́ ọmọ ọdún 12 gẹ́lẹ́. Wọ́n a máa lo ọ̀rọ̀ náà fún ọmọge tó tó ilé ọkọ náà. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ẹ mú un, kí ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ obìnrin ńlá tí Moreau yà, ẹ ó rí i pé wọn kò jọ ara wọn.

Ó wá ku èyí tó dùn mí jù. Ẹnìkan wà nínú Bíbélì tí Jòhánù ń dà láàmú lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ Máàkù orí 6 tí mo wí. Nígbà tí òkìkí Jésù kàn, tí àwọn kan ní Èlíjà ni, tí àwọn mìíràn ní wòlíì ni, ẹnìkan wà láàárín wọn tí ẹ̀rù bà, tó ní Jòhánù tí òun bẹ́ lórí ló jí dìde. Ta ni ẹni náà? Hẹ́rọ́dù ni! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ pé òun lòun bẹ́ ẹ. Kò ní ìyàwó òun ni, kò ní ọmọ tó jó ni. Bí orí Jòhánù bá máa fara han ẹnikẹ́ni láyé yìí, ẹni tó yẹ kó lọ bá wà lórí ìtẹ́ lápá òsì àwòrán náà, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Moreau gbé ìbẹ̀rù ọba, ó dì í, ó gbé e ru ọmọdébìnrin. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1876, òkè là ń wò.

Bí ọ̀rọ̀ bá tilẹ̀ parí sórí bébà kan, ǹ bá dákẹ́. Kò parí síbẹ̀. Ní ọdún 1877, Flaubert, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, kọ ìtàn kúkúrú kan lórí Hẹrọ́díà. Òun ṣì rántí pé ọmọ tí ìyá rán níṣẹ́ ni. Nínú ìtàn tirẹ̀, ọmọ náà tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ẹni tí wọ́n ní kó béèrè orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1884, Huysmans gbé ìwé tirẹ̀ jáde, À rebours. Ọkùnrin olówó kan wà nínú ìwé náà tó ra àwọn àwòrán Moreau méjèèjì yìí, tó ń tẹjú mọ́ wọn lálẹ́. Lójú tirẹ̀, Sàlómè ti kúrò ní ọmọ ẹnikẹ́ni, ó ti di òrìṣà ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́. Ní ọdún 1893, Oscar Wilde tẹ eré orí ìtàgé jáde lédè Faransé. Nínú eré yẹn, ọmọ náà ní kì í ṣe nítorí ìyá òun, òun fúnra òun lòun fẹ́ orí náà, ó sì fi ẹnu kò ó lẹ́nu. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí ijó ìbòjú méje tí ẹ máa ń gbọ́. Kò sí ìbòjú kan, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ méje, nínú Máàkù tàbí Mátíù. Ní ọdún 1905, Richard Strauss sọ ọ́ di eré olórin ní Dresden ní ilẹ̀ Jámánì. Ìgbà tó yá, gbogbo ayé mọ Sàlómè, wọn kò mọ ẹni tó rán an níṣẹ́ mọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe yọ àwọn àgbà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Nínú Bíbélì, ọba jẹ̀bi, ìyá jẹ̀bi. Lórí bébà Moreau, wọ́n di ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú eré Wilde, Hẹ́rọ́dù wá di ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìgbàanì náà kò tilẹ̀ fi í sílẹ̀: ìtàn àtẹnudẹ́nu kan wà pé omi dídì ló là mọ́ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, tí yìnyín sì gé orí rẹ̀ kúrò. Irọ́ ni, ó jọ pé ó wù wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Josephus sọ pé ó lọ́kọ, ọkọ àkọ́kọ́ kú, ó tún lọ́kọ, ó sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Hẹ́rọ́dù ló rí ìjà Ọlọ́run. Ní ọdún 39, ọba Róòmù gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ó lé e kúrò nílùú. Ẹ sì wo ibi tí Josephus ní wọ́n lé e lọ: Lyon, nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí! Hẹrọ́díà bá a lọ. Ẹni tí wọ́n lé wá sí ilẹ̀ wọn, òun ni ayàwòrán wọn gbé sórí ìtẹ́ tí kò fi rí nǹkan kan.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, àbúrò ló jẹ́ sí mi lọ́jọ́ orí, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Mo ka ohun tí mo kọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti le jù. Ayàwòrán kì í ṣe akọ̀wé kóòtù. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ya ohun tó bá wù ú."

Mo ní, òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti pàlọ́. Ṣùgbọ́n bí àlọ́ bá di ohun tí wọ́n fi ń na ọmọ ọlọ́mọ lórí àga ìwàásù, èmi náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí àlọ́ ti wá.

Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi ti Moreau sílẹ̀. Bíbélì yín ńkọ́? Máàkù ní ọmọ náà yára padà wọlé, ó sì ní òun fẹ́ ẹ nínú àwopọ̀kọ́, nísinsìnyí. Ìyá rẹ̀ kò dárúkọ àwo. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ máa ń sọ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kí ló dé tí òun kò fi tọmọ jẹ́ ẹ?"

Èyí ká mi lẹ́nu díẹ̀, n ò ní purọ́. Mo ronú sí i mọ́jú. Ohun tí mo rí rèé. Nípa ti àwo, Mátíù sọ ọ́ bí ẹni pé ìyá ló kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ gbà pé ọmọ ló fi àwo kún un. Àsè ni wọ́n ń jẹ, àwo ló wà níwájú gbogbo wọn. Ọmọ á sọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Nípa ti òwe, àgbàlagbà tó mọ ẹrú yàtọ̀ sí ọmọ ni wọ́n ń pa á fún. Ta ni ìbá kọ́ ọmọ yẹn? Ọba wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, ìjòyè wà níbẹ̀, balógun wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Bíbélì kò sọ pé ẹnìkan ṣoṣo dìde tó ní, "Kábíyèsí, ẹ má ṣe é." Òwe tó bá ọjọ́ náà mu ni èyí tí gbogbo wa mọ̀: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà lọ́jọ́ yẹn. Orí kan bọ́ sílẹ̀, orí ọmọ kan sì wọ́ títí dòní.

Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ díẹ̀, ó tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò lè gbé jù nù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún wo àwòrán náà dáadáa. Ta ló rí orí yẹn? Ọmọ náà nìkan. Ṣé ẹni tí kò ní ẹ̀rí ọkàn lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà ni ojú wọn fọ́."

Mo gbé ìwé náà, mo tún wò ó. Mo gbà fún un níbẹ̀. Bóyá Moreau mọ̀ bóyá kò mọ̀, bébà rẹ̀ jẹ́rìí sí nǹkan kan tó jẹ́ òtítọ́: nínú ilé tí àgbà ti ṣìkà, ọmọ ni kì í rí oorun sùn. Ẹni tó dá ọ̀ràn jókòó sórí àga, ó ń gbádùn orin. Ẹni tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ̀ gbé àwo ni ẹ̀jẹ̀ ń kán sí níwájú. Mo ti rí i lójú ayé. Mo rí i lójú ọmọ àdúgbò wa nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú mi. Gbogbo ìjọ ti gbàgbé ọjọ́ ìkórè yẹn, owó tí wọ́n lẹ mọ́ ọn ti wọ àpò ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan ló ṣì ń rí orí Jòhánù.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá ayàwòrán láre. Bí ó bá fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn àgbà ló fọ́jú, kí ló dé tó fi bọ́ aṣọ lára ọmọ? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ara rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tàn sí, tí ọba sì wà níbi tí ojú wa kò ti ní kọ́kọ́ dé? Ẹni tó bá wo àwòrán yẹn fún ìṣẹ́jú kan, ọmọ náà ló máa rántí. Kò ní rántí Hẹ́rọ́dù. Èèyàn tó lé ní 500,000 ló wò ó ní 1876. Ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ọba ni wọ́n bínú sí nígbà tí wọ́n ń relé.

Josephus tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan tún sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí á fi parí ẹjọ́ yìí. Òun náà kọ̀wé lórí ikú Jòhánù, ó ní nínú odi Makerọ́ọ̀sì ni wọ́n ti pa á, ní ilẹ̀ tó wà ní Jọ́dánì òde òní. Kò dárúkọ ijó. Kò dárúkọ ọmọbìnrin kankan níbẹ̀. Ohun tó sọ ni pé Hẹ́rọ́dù rí bí èrò ṣe ń tẹ̀lé Jòhánù, ó bẹ̀rù pé wọ́n lè dìtẹ̀, ó sì pa á kó tó di pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú! Ọba tó ń bẹ̀rù ẹni tó ń sọ òótọ́. Ìtàn yẹn kò ṣòroó yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún oníwàásù láti bá ẹsẹ̀ ọmọdé jà ju kó bá ìtẹ́ jà lọ. Ìtẹ́ lè ránṣẹ́ pè é. Ọmọdé kò lè ṣe é ní nǹkan kan.

Mo pe ọmọ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín, mo sì fi àwòrán náà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Dádì, ṣé kò yẹ kó ti sọ fún mọ́mì rẹ̀ pé òun ò ṣe?"

Mo ní, "Ó yẹ, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún mọ́mì tìẹ?"

Ó mi orí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kí mi, ó lọ sílé. N ò ní parọ́ fún yín pé ó ti padà sẹ́nu ijó. Kò tíì jó. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé nígbà tí ọmọkùnrin kan tún pè é ní Sàlómè ní ilé ìwé, ó ní kó lọ ka Máàkù orí 6 kó tó wá bá òun sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníwàásù wa, mo bẹ̀ yín, mo tún kìlọ̀ fún yín. Ìkórè ọdún yìí ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ wàásù lórí ikú Jòhánù, ẹ wàásù lórí ọba tó búra ìbúra òmùgọ̀, tó sì pànìyàn nítorí ojú àlejò. Ẹ wàásù lórí ìyá tó fi ọmọ rẹ̀ gbẹ̀san. Ẹ wàásù lórí àwọn ìjòyè tó jókòó ti ẹran àti ọtí, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò là á lẹ́nu. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rán ọmọ jáde lọ jó, tí wọ́n bá bú u, ẹ dìde kí ẹ ní ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ̀yin tó ń lẹ owó mọ́ ọmọ ọdún 13 lórí, ẹ fi ọwọ́ yín sí àpò.

Bí ẹ bá sì ti ṣe gbogbo ìyẹn tán, tí ẹ ṣì rí orí kan tó dúró nínú afẹ́fẹ́, tó ń wò yín, ẹ má tọ́ka sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ló wá bá.